Orúkọ Tí Títì Sọ Ọkọ̀

Ẹni tó bá dé gáréèjì ní Igbó-Ọrà láàárọ̀ kùtù, tó ń wá ọkọ̀ Èrúwà tàbí ti Ìbàdàn, kò ní gbọ́ Nissan lẹ́nu àgbérò kankan. Máíkírà ni wọ́n ń pè. "Èrúwà ku ẹnì kan! Ẹ wọ Máíkírà!" Èrò mẹ́rin á fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn, méjì á há ara wọn síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àpò gààrí á sì kún búùtù débi pé okùn ni wọ́n máa fi so ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà ṣí sókè lójú ọ̀nà. Bó ṣe rí ní Igbó-Ọrà náà ló rí ní Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn. Ìlú méjèèje Ìbàràpá, Máíkírà ń ná an.

Ní Japan tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ yìí, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́. Nígbà tí Nissan fẹ́ gbé e jáde ní 1982, wọ́n ní kí aráàlú ronú orúkọ tó bá wù wọ́n, kí wọ́n fi ránṣẹ́ wá. Nínú ìdíje yẹn ni orúkọ March ti jáde. Nígbà tí wọ́n wá gbé e lọ sí Yúróòpù, wọ́n pè é ní Micra, orúkọ yìí ló sì bá a dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e, èyí tó jáde ní 1992 tí ara rẹ̀ rí rogodo, ló gba oyè Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù ní 1993. Òun ni ọkọ̀ ilẹ̀ Japan àkọ́kọ́ tó gba oyè náà. Àgbẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn Máíkírà láti Lánlátẹ̀ pẹ̀lú àpò ẹ̀gúsí lórí itan, ọkọ̀ tó ti gboyè ló wọ̀.

Igbó-Ọrà ni ìlú tí ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ̀ dáadáa pé orúkọ kì í gba ọ̀nà kan wá. Kò sí òbí tó ń jókòó ro Táyé àti Kẹ́hìndé, àmútọ̀runwá ni. Ti àbísọ yàtọ̀, òbí ló ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé kó tó sọ ọ́. Àlàjẹ́ tún yàtọ̀ sí méjèèjì: ẹgbẹ́, ará àdúgbò àti àwọn tí èèyàn ń bá ṣòwò ló ń fi pe èèyàn, nítorí ohun tí wọ́n rí nínú ìwà rẹ̀ tàbí ìrísí rẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ náà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí ilé iṣẹ́ sọ ọkọ̀ wà nínú ìwé, ẹni tó bá fẹ́ á rí i kà. Èyí tí títì sọ ọ́, àwọn awakọ̀, mẹkáníìkì àti èrò ló ni ín, ẹnu wọn nìkan ló sì wà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká bójú tó o.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àwọn òbí bẹ̀rẹ̀. Toyota sọ àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ bí ìdílé ọba. Ní 1955, wọ́n gbé Crown jáde. Adé ni, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1957, Corona tẹ̀ lé e. Adé náà ni, lédè Látìn. Corolla dé ní 1966: adé kékeré, Látìn náà ni. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 tí wọ́n fẹ́ sọ òmíràn, wọ́n padà sí èdè tiwọn, wọ́n mú kanmuri tó túmọ̀ sí adé, wọ́n sì sọ ọ́ di Camry. Bó bá jẹ́ pé agbo ilé kan ní Èrúwà ni Toyota, Adébáyọ̀, Adéọlá, Adékúnlé àti Adéwálé ni wọn ì bá máa pe àwọn ọmọ náà. Corolla nìkan ti ta ju mílíọ̀nù 50 lọ káàkiri ayé. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn: Toyoda ni ìdílé tó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1936 wọ́n yí i sí Toyota, nítorí pé ìlà mẹ́jọ ni wọ́n ń fà láti fi kọ ọ́ ní irú ìkọ̀wé wọn kan, mẹ́jọ sì jẹ́ nọ́ńbà ire lójú wọn.

Àwọn ará Japan náà gbà pé orúkọ ń roni. Ìtàn Datsun fi èyí hàn kedere. DAT ni wọ́n fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ọkùnrin mẹ́ta kọ, ìyẹn Den, Aoyama àti Takeuchi, àwọn tó fi owó àti agbára wọn sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ DAT ní 1914. Nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ kékeré kan ní 1931, wọ́n pè é ní Datson, pé ọmọ DAT ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé "son" dún bí àdánù létí àwọn ará ilẹ̀ wọn. Ta ló máa fowó ra àdánù? Wọ́n yí i padà kíá sí "sun", ìyẹn oòrùn, tó wà lórí àsíá ilẹ̀ wọn. Bí Datsun ṣe gba orúkọ nìyẹn, ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Ìbàràpá ṣì rántí dáadáa.

Ti Mercedes kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríire tàbí àdánù, ìfẹ́ bàbá sí ọmọ ni. Emil Jellinek, oníṣòwò kan tó ń gbé ní Nice ní ilẹ̀ Faransé, ní kí ilé iṣẹ́ Daimler ṣe ọkọ̀ 36 fún òun ní 1900, ó sì ní kí wọ́n fi orúkọ ọmọbìnrin òun, Mercédès, tí wọ́n bí ní 1889, pe ẹ̀rọ tuntun tó wà nínú wọn. Ọkọ̀ náà ṣe dáadáa níbi ìdíje eré ọkọ̀, ilé iṣẹ́ náà sì fi òǹtẹ̀ òfin lu orúkọ náà ní 1902. Àánú ni orúkọ ọmọ yẹn túmọ̀ sí lédè àwọn ará Spain. Ní 1926 tí Daimler àti ilé iṣẹ́ Karl Benz di ọ̀kan, orúkọ ọmọ àti orúkọ àgbàlagbà wá di Mercedes-Benz. Lọ́dọ̀ tiwa, ti àgbàlagbà ló borí. Bẹ́ńsì ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè é.

Àmútọ̀runwá ọkọ̀ ni nọ́ńbà. Ó ń bá a ti inú ilé iṣẹ́ wá, kì í sì í ṣe òbí ló ń rò ó bí wọ́n ṣe ń ro orúkọ. Ohun tí ọkọ̀ jẹ́ gan-an ló ń sọ ọ́. Mẹ́nu kan 911 ní ìsọ̀ mẹkáníìkì èyíkéyìí láti Igbó-Ọrà dé Ìgàngàn, kò sí ẹni tó máa béèrè pé èwo nìyẹn. Lọ́rì Mercedes ni, olóríbọ̀ǹkẹ́, tí bóńẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ síwájú ní kúkúrú, tó ń gbé yanrìn, gẹdú, ẹ̀gẹ́ àti búlọ́ọ̀kù. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, 9, ń sọ ìwọ̀n tí ọkọ̀ náà lè wọ̀n pẹ̀lú ẹrù rẹ̀: tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà méjì tó kù, 11, ń sọ agbára ẹ̀rọ rẹ̀: agbára ẹṣin bí 110, wọ́n kàn gé òdo ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ẹni tó bá mọ èyí, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. 1113 jẹ́ tọ́ọ̀nù 11, agbára ẹṣin 130. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fi gbogbo ayé wọn wa ọkọ̀ yìí ń pe orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́, ìwọ̀n òun àti ẹrù rẹ̀ sì ni wọ́n ń pè láìfura.

911 mìíràn tún wà láyé, ọkọ̀ eré sísá àwọn olówó tí Porsche ń ṣe ní Jámánì. Bí ìyẹn ṣe di 911 jẹ́ ìtàn ìjà orúkọ. Láti 1929 tí Peugeot ti gbé 201 jáde ni ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé náà ti ń fi òdo sí àárín nọ́ńbà mẹ́ta: 201, 203, 403, 404. Nígbà tí Porsche fẹ́ pe ọkọ̀ tuntun rẹ̀ ní 901 ní 1964, Peugeot ní rárá o, àwọn ló ni òdo àárín ní ilẹ̀ Faransé. Porsche fi ẹyọ kan dípò òdo, ó di 911. Ìlànà òdo àárín yìí náà ló bí 504 tó jáde ní 1968.

504 kò nílò àlàjẹ́ ní Nàìjíríà. Nọ́ńbà náà tó. Láti oṣù Kẹta 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀, wọn kò sì dáwọ́ dúró títí tí ọ̀rúndún tuntun fi wọlé, nígbà tí ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba ni, ọkọ̀ dókítà ni, èyí tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta sì di akérò ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá wọ 504 lọ sí Èkó nígbà náà, ó máa ń sọ ọ́ kí ará ilé gbọ́.

Ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí ni bọ́lẹ̀kájà ti wà, ọkọ̀ yìí sì yẹ kó gba àyè nínú ìtàn wa ju bó ṣe gbà lọ. Ọ̀nà ọkọ̀ tó lọ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní 1906 wà lára àwọn àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí. Bí ọ̀nà ṣe ń pọ̀ sí i, lọ́rì ń tẹ̀ lé e, èyí tó sì wá gbòde kan jù lọ ní àwọn ọdún 1950 ni Bedford. Vauxhall ló ń ṣe Bedford láti 1931, ní ìlú Luton, tó wà ní ìpínlẹ̀ Bedfordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ilẹ̀ ni wọ́n fi sọ lọ́rì. Vauxhall náà, orúkọ ilé ni: ilé ọkùnrin jagunjagun kan tó ń jẹ́ Fulk ní Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn. Fulk's Hall ni wọ́n ń pè é, ẹnu aráyé lọ̀ ọ́ títí tó fi di Vauxhall. Òyìnbó náà mọ bí ẹnu ṣe ń yí orúkọ padà.

Ẹ̀rọ, ṣáásí àti táyà ló ń dé láti òkè òkun. Ní Àpápá, ilé iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti UAC ń to Bedford pọ̀. Káfíńtà wa ló ń kọ́ ara rẹ̀ tó kù. Pákó ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pákó ni ìjókòó rẹ̀, láìsí tìmùtìmù. Èrò ń ti ẹ̀yìn gòkè, ẹsẹ̀ kan lórí irin, ọwọ́ kan lọ́wọ́ ọmọ ọkọ̀ tó ń fà á. Àárín ìjókòó sí ìjókòó kò gba eékún àgbàlagbà, bẹ́ẹ̀ ni apẹ̀rẹ̀ adìẹ, agbọ̀n iṣu àti àpò ẹ̀lùbọ́ wà nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀. Ẹnìkan á tẹ ẹnìkan. Ẹnìkan á ní ṣéńjì òun kò pé. Ọmọ ọkọ̀ á fèsì, ìyá alágbàtà á fèsì padà, ọ̀rọ̀ á wá di "Bọ́ sílẹ̀ ká jà!" Ìpè yẹn ni wọ́n sọ di orúkọ ọkọ̀. Lójú òyìnbó, àwọn obìnrin oníṣòwò tó ń gbé ẹrù wọn lọ sọ́jà ló hàn jù nínú ọkọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní mammy wagon. Òyìnbó wo ẹni tó wọ ọkọ̀; Yorùbá wo ohun tí wíwọ ọkọ̀ náà ń fojú èèyàn rí.

Orúkọ náà le débi pé ó wọ inú àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní 1980, nígbà tí Chinweizu, Onwuchekwa Jemie àti Ihechukwu Madubuike gbé ìwé wọn jáde lórí bí lítíréṣọ̀ Áfíríkà ṣe lè bọ́ lábẹ́ àkóso òyìnbó, wọ́n pe ara wọn ní àwọn alárìíwísí bọ́lẹ̀kájà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe Yorùbá. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ tó lè sọ ìjà tí wọ́n fẹ́ jà, orúkọ lọ́rì pákó ni wọ́n rí.

Àwọn ará ibòmíràn ní Áfíríkà wo owó ọkọ̀ ní tiwọn. Ní Gáńà, tírótíró ni wọ́n ń pe ọkọ̀ akérò, nítorí tírò, ìyẹn pẹ́nì mẹ́ta, tí wọ́n ń san nígbà kan. Ní Kẹ́ńyà, mátátù ni, láti inú "tatu", ẹẹ́ta lédè Swahili, nítorí owó mẹ́ta tí wọ́n ń san. Owó ọkọ̀ ti gòkè ní ìlú méjèèjì láti ìgbà náà, orúkọ kò yí padà.

Nígbà tí Èkó kún, tí bọ́lẹ̀kájà kò tó mọ́, àwọn wẹ́dà gbé ṣáásí 911, wọ́n fi páànù kọ́ ilé gígùn lé e lórí, wọ́n kùn ún ní yẹ́lò, wọ́n fa ìlà dúdú sí i. Mọ́lúè dé nìyẹn. Dáńfó ní tirẹ̀, bọ́ọ̀sì Volkswagen ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ tí oníṣòwò ará Netherlands kan, Ben Pon, kọ́kọ́ yà sínú ìwé kékeré rẹ̀ ní 1947. Volkswagen ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú títì, orúkọ dáńfó ti kọjá sórí àwọn bọ́ọ̀sì Japan.

Volkswagen náà ló fún wa ní àlàjẹ́ tó dùn létí jù nínú gbogbo wọn. Ní 1938, ìjọba Hitler sọ ọkọ̀ kékeré tí Ferdinand Porsche ṣe ní KdF-Wagen, orúkọ ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ ìjọba wọn, tó ń pòkìkí agbára nípasẹ̀ ayọ̀. Orúkọ yẹn bá ìjọba tó sọ ọ́ lọ. Lẹ́yìn ogun, Volkswagen, ọkọ̀ aráàlú, ló ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n kò tẹ́ aráàlú fúnra wọn lọ́rùn. Àwọn ará Jámánì wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ roboto, wọ́n pè é ní Käfer, kòkòrò. Ní ilẹ̀ Faransé, Coccinelle ni, kòkòrò pupa kékeré tó ní àmì dúdú lẹ́yìn. Àwọn ará Brazil sọ ọ́ di Fusca, Mexico sọ ọ́ di Vocho. Yorùbá wò ó, ó rí i pé ẹranko kan wà tó ń gbé ilé sẹ́yìn báyìí tó sì ń dé ibi tó ń lọ: Ìjàpá. Orúkọ náà bá a mu ju ti òyìnbó lọ, nítorí Ìjàpá inú àlọ́ kì í kú sọ́nà, ọkọ̀ yìí náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní rẹdiétọ̀ tó lè gbóná kó tú omi dà sára bóńẹ́ẹ̀tì. Lórí ọ̀nà eléruku, bí ìyókù bá dúró, òun á lọ.

Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Òjó, l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní 1975. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Brasília ní Brazil jáde, wọ́n sì sọ ọ́ ní Igala fún Nàìjíríà. Yorùbá tó bá gbọ́ ọ, ẹran ìgalà inú igbó ni ọkàn rẹ̀ á lọ sí. Ìgalà kò pẹ́ nílẹ̀ bí Ìjàpá. Ní Puebla ní Mexico, ọjọ́ 30 oṣù Keje 2003 ni wọ́n ṣe Ìjàpá tó kẹ́yìn láyé, ẹni tó bá ka gbogbo wọn á ka 21,529,464.

Lẹ́yìn 1986, nǹkan yí padà. Ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, náírà já, ọkọ̀ tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọkọ̀ àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í gba èbúté Kútọnu wọlé láti Yúróòpù. Orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ tí òbí gbé wálé ni wọ́n fi sọ wọ́n: Tòkunbọ̀. Orúkọ yìí ní ẹ̀yẹ nínú. Kò pe ọkọ̀ náà ní àlòkù, kò pè é ní àgbàlagbà. Ó ní ọmọ tó ti òkun bọ̀ ni, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà ló ń lò ó lónìí, Hausa àti Ìgbò pẹ̀lú. Sípíà páàtì àlòkù ní tirẹ̀ di Bẹ́ljíọ̀ọ̀mù, nítorí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti èbúté Antwerp tó wà nílẹ̀ Belgium wá.

Ìgbà Tòkunbọ̀ yìí ló bí àwọn àlàjẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè báyìí, àwọn àgbàlagbà kan sì ń rò pé àwàdà lásán ni. Kì í ṣe àwàdà. Ilé iṣẹ́ ń fi orúkọ kan ṣoṣo pe ìran ọkọ̀ lóríṣiríṣi: Camry ti 1995 ń jẹ́ Camry, ti 2003 ń jẹ́ Camry, ti 2008 ń jẹ́ Camry, bẹ́ẹ̀ ni páàtì èkíní kò wọ èkejì. Bí ọ̀gá mẹkáníìkì bá rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí ìsọ̀ onípáàtì pé kó ra iná iwájú Camry, èwo ni kó rà? Títì ló yanjú rẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ sanra nínú àwọn àtijọ́ ni wọ́n pè ní Orobó. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 di Big Daddy. Èyí tó tẹ̀ lé e, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó ń gbé irin, di Muscle, lẹ́yìn náà ni Spider. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti gbọ́ "Lọ ra iná Muscle wá", kò lè ṣi rà. Honda Accord náà ní tirẹ̀. Èyí tó jáde ní 2003 ni wọ́n sọ ní End of Discussion, pé kò sí àríyànjiyàn mọ́, òun ló dára jù. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní Discussion Continues. Ti 2008 di Evil Spirit. Ẹni tí kò bá mọ àwọn orúkọ wọ̀nyí, ó máa ṣòro fún un láti bá oníṣòwò ọkọ̀ dúnàádúrà. Iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ kò ṣe ni wọ́n ń ṣe.

Bọ́ọ̀sì Toyota Hiace gbórúkọ lọ́nà tó tún jìnnà. Nígbà tí irú tuntun rẹ̀ dé lẹ́yìn 2004, tó ga tó sì gbòòrò, wọ́n pè é ní Hummer. Hummer gidi jẹ́ ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Lẹ́tà gígùn kan, HMMWV, ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, àwọn ọmọ ogun ló pe lẹ́tà yẹn títí tó fi di Humvee, kó tó di Hummer tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún aráàlú ní 1992. Àlàjẹ́ tí àwọn ọmọ ogun sọ ọkọ̀ tiwọn la gbé lé bọ́ọ̀sì ará Japan lórí.

Orúkọ èèyàn náà ń di ti ọkọ̀. Nígbà tí Buba Marwa jẹ́ alákòóso ológun ní ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, ó kó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ ìgboro, ó di kẹ̀kẹ́ Márúwá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Ọbásanjọ́ pín irú rẹ̀ lábẹ́ ètò ìgbógunti òṣì tí wọ́n ń pè ní NAPEP, ó tún gba orúkọ kejì. Ètò náà ti kógbá wọlé, kẹ̀kẹ́ NAPEP ṣì ń ná Igbó-Ọrà. Ní Dakar, bọ́ọ̀sì funfun akérò ń jẹ́ Ndiaga Ndiaye, orúkọ ọkùnrin tó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ọ̀kadà ló rìn jìnnà jù. Ọ̀kadà jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ìlú Gabriel Igbinedion, Ẹ̀sámà ti ilẹ̀ Bìní. Ní 1983, ó dá ilé iṣẹ́ bàálù sílẹ̀, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè é. Nígbà tí àwọn alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbérò, tí wọ́n ń gba àárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá bí ẹni ń fò, èrò wọn ní bàálù Ọ̀kadà làwọn wọ̀. Bàálù náà kò fò mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ló ń gbé àgbẹ̀ lọ sí oko rẹ̀ lẹ́yìn Ayétẹ̀, òun náà ló ń gbé ẹ̀gẹ́ bọ̀ níbi tí Máíkírà kò lè dé. Alùpùpù tó ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní ẹ̀yìn ibodè, Yorùbá Kétu, Pobẹ̀ àti Ṣàkẹ́tẹ́ ń wọ irú ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n zémìjàn ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Fọ̀n tó ń ní kí awakọ̀ tètè gbé òun dé. Ní Togo, oléyia ni: ṣé ẹ ń lọ? Bí Fọ̀n àti Ewe ṣe ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọkọ̀.

Orúkọ kan tún kù, èyí tí kò kan ìran ọkọ̀ bí kò ṣe ẹyọ ọkọ̀ kan. Ní ayé bọ́lẹ̀kájà àti 911, ọlọ́kọ̀ máa ń ní kí àwọn tó ń kọ̀wé sára ọkọ̀ kọ gbólóhùn kan sí iwájú lókè gíláàsì: Orí Ló Mọ̀, Ọlá Olúwa, Ẹ Ṣe Sùúrù, Ọlọ́run Ò Sùn. Gbólóhùn yẹn á sì di orúkọ. Ìyá alágààrí kì í sọ pé Bedford ti lọ, á ní, "Ọlá Olúwa ti lọ, ẹ jẹ́ ká dúró de Orí Ló Mọ̀." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, orúkọ yẹn á kọjá sára awakọ̀, lẹ́yìn náà sára ilé rẹ̀. Àwọn ilé wà ní àwọn ìlú wa tó jẹ́ pé orúkọ ọkọ̀ bàbá wọn ni wọ́n fi ń júwe wọn.

Ilé iṣẹ́ Toyota lè sọ ọdún tó sọ Corolla lórúkọ àti ìdí tó fi sọ ọ́. Ní Ìbàràpá, kò yẹ kó ṣòro láti sọ ohun kan náà nípa lọ́rì tó kọ́kọ́ gbé gààrí láti Igbó-Ọrà lọ sí Abẹ́òkúta, tàbí èyí tó ń kó ẹ̀gúsí Èrúwà lọ sí Ìbàdàn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà, ilé ẹ̀kọ́ gíga pólì wà ní Èrúwà, akẹ́kọ̀ọ́ sì kún méjèèjì pẹ̀lú fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ àtijọ́, àwọn káfíńtà tó kọ́ bọ́lẹ̀kájà àti àwọn ìyá tó wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà ṣì wà láàárín wọn, wọn kò sì pọ̀ mọ́. Kí olùkọ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún wọn. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó wa lọ́rì rí, ẹ bi í lọ́sẹ̀ yìí: kí ni wọ́n kọ síwájú ọkọ̀ yín, ta ló yan orúkọ náà, ọ̀nà ibo lẹ ń ná, ọdún wo ni? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti ìlú sí i.